Mo Fi Ọ̀rọ̀ Sẹ́nu Àna Mi Tó Ti Kú

Mo parọ́ mọ́ òkú. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí, ẹ má gbé orúkọ mi síta, torí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi ń ka page yìí, èmi náà máa ń bá wọn kà á, mo sì ti bá wọn bú àwọn tó ń kọ̀wé síbí rí, pé kí ló gbé wọn dé ìdí irú ìwà bẹ́ẹ̀... ó ti wá kàn mí. Èmi àgbà obìnrin, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta, ìyá-àgbà, mo fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu obìnrin tó ti kú, obìnrin tó gbà mí sílé, tó fún mi ní yàrá tó dáa jù nínú ilé rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ti ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yẹn báyìí bí ẹni pé òun ló sọ ọ́. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bú mi tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi.

Bronx ni mò ń gbé, ní ẹ̀gbẹ́ Grand Concourse, ó ti lé lógún ọdún. Nursing home ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi retire. Ọkọ mi ti kú, ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ, mo máa pè é ní Déjì níbí, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Déjì lọ ṣe master's ní Jámánì, ibẹ̀ ló ti ríṣẹ́, ibẹ̀ ló ti fẹ́ ìyàwó, òyìnbó ibẹ̀, mo máa pe ìyẹn náà ní Lena. Ọmọ dáadáa ni, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn, ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi lórí fóònù, kódà lẹ́yìn tí mo ti ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Tiwa, ó ti pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Déjì ń sọ English sí ọmọ, ọmọ ń fi Jámánì dá a lóhùn, ti Yorùbá ò tiẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀. Tá a bá ń ṣe video call, Tiwa á máa sọ̀rọ̀ wuuruwu, á fi bàtà hàn mí, á fi eyín tó ń mì hàn mí, èmi á máa rẹ́rìn-ín bí ọ̀dẹ̀, tó bá wá rí i pé mi ò gbọ́ nǹkan kan, á gbé fóònù fún ìyá rẹ̀, á sá lọ. Ó dùn mí wọnú eegun. Ẹ̀yin ìyá-àgbà tẹ́ ẹ wà lórí page yìí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ọmọ ọmọ mi kan ṣoṣo, ó ń sá fún mi torí pé mo yadi lójú rẹ̀.

Mo bá sọ fún Déjì pé mo fẹ́ kọ́ èdè wọn. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nígbà tó rí i pé mi ò rín, ó ní tí mo bá fẹ́ kí ó wọ̀ mí lára, kí n má kọ́ ọ lórí fóònù, kí n wá gbé láàrin wọn, kí n máa lọ sí school láàárọ̀, kí n máa sọ ọ́ nílé nírọ̀lẹ́, immersion ni wọ́n ń pè é. Ó rí school kan ní ìlú wọn tó ń kọ́ àlejò, bí oṣù méjì ààbọ̀. Ó ní mi ò ní gbé lọ́dọ̀ òun o, torí tí mo bá wà lọ́dọ̀ òun Yorùbá la máa máa sọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìyá Lena ló ní kí n wá gbé lọ́dọ̀ òun. Òun nìkan ló wà nínú ilé, ọkọ rẹ̀ ti kó jáde láti ìgbà tí Lena ti wà ní kékeré, Lena àti bàbá rẹ̀ kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Déjì ló sọ ìyẹn fún mi, ó ní kí n má bèèrè ìdí, èmi náà ò sì bèèrè. Ẹ fi ọ̀rọ̀ bàbá yẹn sọ́kàn.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbàdúrà fún mi títí, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ti ń pè mí ní Màmá Jámánì kí n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Inú mi dùn sí orúkọ yẹn. Mi ò ní parọ́ ìyẹn náà fún yín.

Ọjọ́ kìíní ní class ni mo ti mọ̀ pé mo ti kó sí gbaga. Àwọn ọmọdé ló kún ibẹ̀, ọmọ Brazil, ọmọ Turkey, ọmọ Syria, ẹni tó dàgbà jù nínú wọn kò tíì tó Déjì. Tíṣà fúnra rẹ̀, mo lè bí i lọ́mọ. Orúkọ mi ló ń pè mí. Orúkọ mi lásán o, kò sí Màmá, kò sí Ma, bí ẹni pé a jọ ta ayò ní kékeré. Mo ní àṣà wọn ni, kí n gbé e mì, mo gbé e mì. Ṣùgbọ́n ọpọlọ mi kò gba ẹ̀kọ́ náà. Ohun tí àwọn ọmọ yẹn gbọ́ lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n mú, èmi á gbọ́ ọ láàárọ̀, á ti jò dànù kí n tó mu tíì. Lọ́jọ́ kan, tíṣà ní kí á máa bọ́ síwájú ní méjì méjì, kí ẹnì kan ṣe bí ẹni tó ń ta búrẹ́dì, kí ẹnì kejì ṣe bí ẹni tó wá rà á. Ó kàn mí, mo dìde. Èmi tí mo máa ń ka ẹ̀kọ́ kìíní ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ohùn mi kì í gbọ̀n, búrẹ́dì lásán, mi ò lè rà á. Ọmọkùnrin kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, bóyá èmi kọ́ ló ń fi rín, mi ò mọ̀. Tíṣà wá fọwọ́ gbá mi léjìká jẹ́jẹ́, ó ń ní super, super, bí ìgbà tí wọ́n ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mi ò rí irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo jókòó, mo ń wo tábìlì títí wọ́n fi ní ká lọ sinmi, mo gbé báàgì mi, mo jáde, mi ò padà wọlé lọ́jọ́ náà.

Nítòsí station ni mo ti gbọ́ tí ẹnì kan ń fi Yorùbá bú ọmọ nínú ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan. Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Ọmọ Abẹ́òkúta ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, ó fún mi ní àga, ó bu ìrẹsì àti dòdò fún mi. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti fojú han tíṣà láàárọ̀, tí wọ́n bá ti ní ká lọ sinmi, ọ̀dọ̀ onídìrí ni mò ń lọ. Mò ń bá a ya attachment, à ń sọ̀rọ̀ ilé, à ń sọ̀rọ̀ ìjọba, à ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mi ò tiẹ̀ yà ní class mọ́. Èmi tí mo wọ ọkọ̀ òfuurufú láti New York lọ kọ́ Jámánì, Yorùbá ni mo lọ ń sọ níbẹ̀, ọmọ mi ló sì sanwó school. Nírọ̀lẹ́, màá gbé báàgì kọ́jìká bí ọmọ práìmárì, màá wọlé, Ìyá Lena á bi mí bó ṣe lọ sí, màá ní gut, gut, pé ó dáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí Ìyá Lena jẹ́. Ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò gbọ́ English ju hello lọ, ó fẹ́ràn ọgbà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ju ẹran lọ. Láàárọ̀, á ti se ẹyin sílẹ̀ fún mi, á fi nǹkan bò ó kó má baà tutù. Nírọ̀lẹ́, a máa jókòó ní kíṣìnì, à ń bó ànàmọ́, à ń gé ẹ̀wà tútù tòun ti èèpo rẹ̀, ó sì máa ń sọ̀rọ̀. Háà, obìnrin yẹn lè sọ̀rọ̀. Ó jọ pé ó ti pẹ́ tí kò ti rí ẹni bá a jókòó. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, o ò gbọdọ̀ dákẹ́ máa wò ó bí ère, wàá máa dáhùn ni, hẹn... hẹn-ẹn... tó o bá dákẹ́, á bi ọ́ bóyá o ti sùn. Hẹn yẹn kò túmọ̀ sí pé mo gbà, kò tiẹ̀ túmọ̀ sí pé ó yé mi, ó kàn ń sọ pé mo wà ńbí, ẹ máa sọ ọ́ lọ. Òun náà ni mò ń ṣe, àfi pé mò ń fi èdè wọn ṣe é. Ja... ja, ja... Mò ń mi orí. Tó bá rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, tí ojú rẹ̀ bá rẹ̀wẹ̀sì, èmi á káàánú. Mi ò rò ó rárá pé ní tiwọn, ẹni tó bá ti sọ pé ja, ó ti gbà nìyẹn, ó parí.

Ìyá Lena wá ń sọ fún àwọn ọmọ pé òun kò rí ẹni tó ń gbọ́ òun ní àgbọ́yé bí èmi rí. Lena gbá mi mọ́ra, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Déjì ní Màmi, ẹ ti fẹ́ gbọ́ èdè yìí jù mí lọ o. Kí ni mo sọ? Mo rẹ́rìn-ín ni. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti sọ òtítọ́, torí ó ṣì rọrùn nígbà yẹn, ẹ̀rín la bá fi rín, ẹnikẹ́ni ò tíì kú. Ṣùgbọ́n mo jẹ adùn ìyìn yẹn. Tí Déjì bá fẹ́ fi Jámánì bá mi ṣeré, màá ní kó jẹ́ kí n sinmi, pé èdè yẹn ti kún ẹnu mi láti àárọ̀. Nígbà tí wọ́n máa ṣe ìdánwò, mo ní òyì ń kọ́ mi.

Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí n padà sí New York, ọ̀sán kan tí oòrùn mú, àwa méjèèjì jókòó ní kíṣìnì, à ń gé ẹ̀wà tútù sínú abọ́. Ìyá Lena ṣàdédé fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kì í ṣe bó ṣe máa ń sọ ọ́, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, abọ́ ló ń wò, kò wo ojú mi. Mo gbọ́ Lena, mo gbọ́ Tiwa, ó dárúkọ wọn léraléra. Ó nawọ́ sí géètì ìta. Ó mi orí sọ́tùn-ún sósì. Ó wá ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ hàn mí, egungun ibẹ̀ wọ́, ó yọ gọngọ lábẹ́ awọ. Ó ń sunkún. Ẹ gbọ́ ohun tí èmi ṣe. Mo rò pé làkúrègbé ló ń dà á láàmú. Mo dìde, mo lọ mú ìpara tí mo gbé láti Bronx nínú báàgì mi, mo fi ń ra ọwọ́ náà fún un, mò ń ní ja, ja, pẹ̀lẹ́, ja. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó bi mí ní nǹkan kan. Mo mọ̀ pé ìbéèrè ni, torí ó dákẹ́, ó tẹjú mọ́ mi, ó ń dúró de èsì. Mo ní ja. Ó tún bi mí. Mo ní ja, ja. Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀, ó fi ẹnu ko ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo kọ orin ìyìn kan ní Yorùbá fún un. A gé ẹ̀wà wa tán, a sè é, a jẹ ẹ́.

Mo padà sí Bronx. Lọ́jọ́ Sunday àkọ́kọ́, pásítọ̀ pè mí síwájú, ó ní kí Màmá Jámánì kí ìjọ lédè tó lọ kọ́. Kí ni mo mọ̀? Mo ní Guten Morgen, ẹ káàárọ̀ nìyẹn, mo wá to orúkọ ohun tó wà ní kíṣìnì Ìyá Lena tẹ̀ lé e, ànàmọ́, àlùbọ́sà, ọ̀bẹ, ṣíbí, ọṣẹ ìfọbọ́, mo gbé ohùn mi sókè bí ẹni tó ń gbàdúrà, mo fi Amen kádìí rẹ̀. Gbogbo ìjọ hó yèè. Mo padà sí àyè mi, ara mi ń gbóná láti orí dé ẹsẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ títí dòní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, tẹ́ ẹ bá ti wá mọ̀ mí báyìí, ó ti bọ́, kí ni kí n ṣe sí i.

Kò tíì pé oṣù méjì tí mo dé tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé Ìyá Lena lulẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kò ṣí mọ́, kò pẹ́ púpọ̀, ó kú. Mo sunkún bí ẹni tó pàdánù ọmọ ìyá rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi wú nígbà yẹn, dókítà ní kí n má wọ ọkọ̀ òfuurufú, mi ò lè lọ síbi ìsìnkú. Lẹ́yìn ìsìnkú ni Lena pè mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Ghana lórí Concourse, iṣu wà lọ́wọ́ mi. Ó fi English sọ ọ́ fún mi pé kí ìyá òun tó ṣubú, ó ti sọ fún òun rí pé nǹkan kan wà tí òun kò lè wo ojú ọmọ òun sọ, pé òun ti sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá Déjì, èmi ìyá Déjì sì ti ṣèlérí pé tí nǹkan kan bá ṣe ìyá òun, èmi ni màá sọ ọ́ fún òun Lena. Lena ń sunkún. Ó ní, "Màmá, kí ni ó ní kẹ́ ẹ sọ fún mi?"

Mo dúró sáàárín ọ̀nà. Àwọn ènìyàn ń kọjá lára mi, wọ́n ń sọ pé excuse me. Ṣé ó yẹ kí n sọ fún un nígbà yẹn pé mi ò gbọ́ ẹyọ kan? Ó yẹ. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe máa sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá rẹ̀? Pé ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ gbé lé mi lọ́wọ́, mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Ní tiwa, a kì í dá ọmọ olóòkú padà lọ́wọ́ òfo. Ẹ sì mọ ohun tí àgbà máa ń sọ tó bá fẹ́ lọ, kí àwọn ọmọ má jà, kí wọ́n parí ìjà, kí wọ́n dárí ji ara wọn. Gbogbo ibi ìdágbére tí mo ti bá wọn dúró sí, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Òun ló jáde lẹ́nu mi. Mo ní ìyá rẹ ní kó o dárí ji bàbá rẹ. Mo ní ó ní òun ti dárí jì í tipẹ́, pé kó o wá a lọ, kí ó lè mọ ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó ti inú mi jáde geere bí ẹni tó ń ka Bíbélì. Lena sunkún títí, ó dúpẹ́ títí. Mo wọlé, mo se iṣu mi, mo jẹ ẹ́. Ẹ wò ó, inú mi tiẹ̀ dùn! Mo rò pé oore ni mo ṣe. Mo fi ṣe ẹ̀rí nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Lena wá bàbá rẹ̀ lọ, ó sì rí i. Ó ti darúgbó, ó ń dá gbé yàrá kan ní ìlú míràn. Ó kọ́kọ́ ń wá jẹun lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ Sunday. Nígbà tó yá, wọ́n ní ilé Ìyá Lena ṣófo, kó kó wá síbẹ̀. Ó ti kó dé. Àga tí mo jókòó lé ní kíṣìnì yẹn, òun ló ń jókòó lé e. Òun ló ń lọ mú Tiwa láti school, òun àti ọmọ ló ń wà nínú ilé títí Déjì àti Lena á fi ti ibi iṣẹ́ dé. Lena pè mí, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní bàbá òun ti yàtọ̀, kò mutí mọ́, ìbínú rẹ̀ kò sì dà bí ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ó jẹ́ láyé àtijọ́. Ó ní èmi ni mo fún òun ní bàbá.

Ìbínú wo? Mi ò bi í. Mo ní praise God. Lẹ́yìn ìyẹn, mò ń gé ẹ̀wà tútù ní kíṣìnì mi níbí, ni ọwọ́ Ìyá Lena bá bọ́ sí mi lójú. Mo fi ọ̀bẹ sílẹ̀, mo jókòó. Nursing home ni mo ti ṣiṣẹ́ o. Mo ti wẹ àwọn arúgbó, mo ti wọ aṣọ fún wọn, mo mọ ọwọ́ tí làkúrègbé ń bá jà, mo sì mọ ọwọ́ tó kán láyé àtijọ́ tí wọn ò tò dáadáa. Tó bá jẹ́ pé níbí ni ẹnì kan ti fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ hàn mí pẹ̀lú omijé, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa bèèrè ni pé ta ló ṣe yín báyìí. Ṣùgbọ́n mò ń wá bí kò ṣe ní mọ̀ pé mi ò gbọ́ èdè, mi ò ráyè wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Kí ló dé tó nawọ́ sí géètì? Kí ló dé tó mi orí? Kí ló dé tó ń dárúkọ Tiwa? Kí ni ó bi mí? Ṣé ó bi mí pé mi ò ní jẹ́ kí ọkùnrin yẹn gba géètì yẹn wọlé mọ́? Tí mo sì ní ja? Ojú ń ti òun náà láti sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀, ó wá gbé e fún mi, ó gbà pé àgbà bíi tòun ni mí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà tó wà lọ́jà, èmi ni mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ wọ́.

Tàbí bóyá kò rí bẹ́ẹ̀... Bóyá igi ló já lé e lọ́wọ́ nínú ọgbà. Bóyá ohun tí mo sọ gan-an ló sọ, bóyá ìdáríjì ni lóòótọ́. Ẹ ẹ̀ rí ìyà tó ń jẹ mí báyìí? Mi ò mọ̀. Tí mo bá lọ pariwo, mo lè ba arúgbó tí kò ṣe nǹkan kan jẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́. Tí mo bá dákẹ́ ńkọ́? Mo ti gbé fóònù tó ìgbà tí mi ò lè kà láti pe Déjì. Màá rántí owó school, màá rántí bó ṣe ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ìyá òun ti lé lọ́gọ́ta ọdún ó sì gbọ́ Jámánì, màá rántí Lena tó ń kúnlẹ̀, màá gbé fóònù sílẹ̀. Lena ní òun àti Tiwa ń bọ̀ wá bá mi ṣe Easter. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí òun fẹ́ lọ́wọ́ mi ni pé kí n jókòó ti òun, kí n sọ ọ̀rọ̀ ìyá òun fún òun ní Jámánì, bí ìyá òun ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Mo ti ń fi earphone kọ́ èdè náà nínú D train báyìí. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ra búrẹ́dì. Kí ni búrẹ́dì fẹ́ ṣe fún mi?

Ohun tó lé mi wá síbí gan-an nìyí. Láti ìgbà tí mo ti dé, Tiwa kì í sá fún mi mọ́. Ẹ rántí pé tìtorí ẹ̀ ni mo ṣe lọ. Mo rí ohun tí mò ń wá, irọ́ ni mo fi rí i. Ọmọ náà ti mọ̀ mí sí ìyá-àgbà tó ń gbọ́ tòun, wọ́n á gbé fóònù fún un, wọ́n á kúrò nínú yàrá, á máa sọ ọ́, èmi á máa ní ja... ja, ja... Ní Sunday tó kọjá, kò rẹ́rìn-ín. Kò fi bàtà kankan hàn mí. Ó gbé ojú sún mọ́ fóònù, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, mo gbọ́ Opa, Opa, bó ṣe ń pe bàbá ìyá rẹ̀ nìyẹn. Ó yíjú wo ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, ó tún padà wò mí. Ó bi mí ní nǹkan kan, ó wá dákẹ́, ó ń dúró. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mi ò gbèrò rẹ̀, ẹnu mi ló ti mọ́ ọn lára... mo ní ja, ja. Ọmọ náà mí kanlẹ̀. Bí ìyá-àgbà rẹ̀ ṣe mí kanlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gẹ́lẹ́. Ó pa fóònù.

Ó lè jẹ́ pé súùtì ni Opa rà fún un, tó sì ní kó má sọ fún ìyá rẹ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àbí? Ọmọdé máa ń ní àṣírí súùtì. Ṣùgbọ́n kí ni mo gbà fún un? Kí ni mo gbà fún ìyá-àgbà rẹ̀? Ó ti di ẹ̀ẹ̀mejì báyìí tí ẹni nínú ìdílé yẹn ń gbé ẹrù lé mi lọ́wọ́ tí mò ń gbà á láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣé Déjì ni kí n kọ́kọ́ pè ni, àbí Lena? Ṣé kí n ní kí wọ́n bi ọmọ náà léèrè? Tí wọ́n bá bi mí pé kí ló dé tí mi ò mọ ohun tí ọmọ sọ fún mi ńkọ́, èmi tí mo gbọ́ Jámánì? Gbólóhùn wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀? Nọ́ńbà Déjì wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kà á dé ibí, ẹ sọ̀rọ̀ sí mi, ẹ sọ ọ́ le tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ le, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn fi hẹn dá mi lóhùn.